Ohun Tí Mi Ò Túmọ̀

Èmi Agostinha ni mo jẹ́ ẹnu fún un ní Maliana,
lọ́dún tí òrùlé ìlú di eérú,
tí páànù tó ṣẹ́kù ń ké nínú afẹ́fẹ́.
Salaseini lorúkọ rẹ̀, ọmọ Levuka ní erékùṣù Fíjì,
ó ga, ó sanra, ẹsẹ̀ rẹ̀ tóbi ju bàtà ìjọba lọ.
Fìlà aláwọ̀ ojú ọ̀run ni wọ́n fi rán an wá;
àwọn ọmọdé ní ojú ọ̀run ló já,
ó bà lé obìnrin náà lórí.

Kò gbọ́ Tẹ́túùn, kò gbọ́ Bunak.
"Bondia" nìkan ló mọ̀ ọ́n wí fún òwúrọ̀,
a sì máa wí i lóru pàápàá.

Kí ló ṣe? Ẹ jẹ́ n sọ èyí tí ojú mi rí.
Ó kọ́ àwọn ọ̀dọ́ wa bí a ti í mú olè láì fọ́ ọ lẹ́nu.
Ó jókòó ọjọ́ mẹ́ta láàárín ìdílé méjì tó ń jà sí ẹfọ̀n kan,
ẹfọ̀n ọ̀hún so mọ́ ọkọ̀ funfun rẹ̀, ó ń jẹ wáyà iná.
Lọ́jọ́ kẹta, ẹfọ̀n bímọ.
Ìyá gba ọ̀tún, ọmọ gba òsì, ìjà parí.
Ó ní wọn ò fi ìyẹn kọ́ òun nílé ẹ̀kọ́ ọlọ́pàá.

Ṣùgbọ́n Domingas.
Àràárọ̀ ló ń wá sí àgọ́ wa
pẹ̀lú bàtà ẹsẹ̀ kan, ti Zeferino ọmọ rẹ̀,
tí wọ́n wá gbé lóru, tí ẹnikẹ́ni ò rí mọ́.
Salaseini wọn bàtà náà, ó yà á sínú ìwé.
Ó wá kànga mọ́kànlá. Ó wá etí odò. Ó wá ẹ̀yìn ààlà.
Bọ́tìnnì kan ló rí. Kì í ṣe ti Zeferino.

Ọjọ́ tó ń lọ, hẹlikọ́pítà ti ń da eruku sí wa lójú,
Domingas wò ó, ó sọ gbólóhùn kan.
"Kí ló wí?"
Mo gbé e mì.
Mo ní, "Ó ní ẹ ṣeun."

Ó lọ. Kósófò. Làìbéríà. Sùdáànù Gúúsù.
Ìràwọ̀ ń gun èjìká rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan
bí èèrà tó rí ṣúgà.
Ọdún kan, mo gbóhùn rẹ̀ lórí rédíò, ó ti di Kọmíṣánnà,
ó ń bá àwọn aṣojú orílẹ̀-èdè sọ̀rọ̀:
nígbà tí iṣẹ́ yìí bá sú òun,
òun a máa rántí ìyá kan ní Maliana tó dúpẹ́.
Mo pa rédíò.
Mo lọ fọ abọ́ tó ti mọ́ tẹ́lẹ̀.

Lẹ́yìn tó fẹ̀yìn tì, ó wá.
Kò dé fìlà. Ọ̀pá ló fi ń rìn,
ìwé yẹn wà lábíyá rẹ̀, ojú ewé bàtà ti pọ́n bíi tíì.
A ń gòkè lọ sílé Domingas.
Ní ìdajì ọ̀nà ni mo jẹ́wọ́:
"Kò dúpẹ́ lọ́jọ́ yẹn. Ohun tó wí ni pé,
'Ẹ̀yin tí ẹ bá atẹ́gùn wá, ẹ ó bá atẹ́gùn lọ.
Ta ni yóò máa bá mi ka ọjọ́?'"

Ó dúró. Ó mí. Adìẹ kan kọjá.
"Mo mọ̀," ló wí.
"Ojú lọ̀rọ̀ wà; ojú rẹ̀ kò dúpẹ́.
Irọ́ rẹ ni mo fi ń sùn."

Domingas ti súnkì, ó ti kéré bí ọmọdé.
Ó wo ọwọ́ àlejò rẹ̀: ìwé nìkan.
Ó wò ó títí.
Ó bu kọfí sínú ife, ó sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́.
"Túmọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́ lọ́tẹ̀ yìí," ni ọ̀gá mi wí.
Mo túmọ̀ rẹ̀ gẹ́lẹ́:
"Ó ní kọfí ń tutù."